Tòmátì Ẹ̀yìnkùlé, Ọ̀rá, Ajílẹ̀ àti Omi Kànga Wa



Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lé tòmátì. Kò sí ilé kan ní Ring Road, láti Mọ́lété títí dé Challenge, tí kì í wá a. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní òkè Ọya, títí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna fi kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì. Gbogbo wa la rántí bí owó tòmátì ṣe fò sókè nígbà náà. Láti ìgbà yẹn ni àwọn kan nínú wa ti ń gbin díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, kí a má baà máa wo ojú ọjà nìkan.

Iṣẹ́ rere ni. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé ẹ̀san wà fún ẹni tó gbin ohun tí ẹ̀dá Ọlọ́hun ń jẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rere tí a kò mọ ọ̀nà rẹ̀ lè di ìpalára fún ará ilé àti aládùúgbò. Ohun méjì ni àwọn tó ń gbin tòmátì ń béèrè lọ́wọ́ wa jù: ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń tẹ́ sórí ebè, àti ajílẹ̀ òyìnbó. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì mọ ibi tí wọ́n ti kan ìlera wa.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ÈMI ALÁRA

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo gbin tòmátì, ebè kan ṣoṣo ni mo ṣe. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1, igi tòmátì 13 ló sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ta ajílẹ̀ NPK fún mi ní kí n bù ú dáadáa. Mo bù ú dáadáa lóòótọ́: agolo mílíìkì kékeré kan fún igi mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù méjì. Ewé tòmátì mi dúdú mìnìjọ̀, ó ga dé èjìká mi, àwọn aládùúgbò sì ń bá mi yọ̀. Nígbà tí àkókò èso dé, mo kà á: gbogbo rẹ̀ kò pé ogún, ìdí àwọn kan sì ti dúdú tó ti rà.

Èyí kọ́ ni ó dùn mí jù. Kànga wa kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ sí ebè náà. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó wá lo ogójì ọjọ́ lọ́dọ̀ wa. Omi ọmú rẹ̀ kò tètè dà, nítorí náà a ń fi mílíìkì inú agolo kún un fún ọmọ. Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá kí wa. Ó wo ebè, ó wo kànga, ó wo ìgò tó wà lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, omi wo lẹ fi po mílíìkì yìí?"

Mo ní, "Omi kànga ni, ṣùgbọ́n a sè é dáadáa."

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dà á nù. Sísè kò lè yọ ohun tí ẹ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga yẹn."

Alhamdulillahi, nǹkan kan kò ṣe ọmọ náà. Ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí ní òru ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi ṣe ìwádìí tí mo fẹ́ bá yín sọ.

IṢẸ́ TÍ NÁÍTÍRÓJÌN Ń ṢE

Náítírójìn ni oúnjẹ tí irúgbìn fi ń ṣe ewé àti igi. Ó pọ̀ nínú atẹ́gùn tí à ń mí sínú, ṣùgbọ́n tòmátì kò lè mú un láti inú atẹ́gùn. Inú ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ti ń mu ún. Àwọn baba wa ń rí i láti ara ìgbẹ́ ẹran, ewé tó jẹrà, àti ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn ará Jámánì méjì, Fritz Haber àti Carl Bosch, rí ọ̀nà láti fa náítírójìn inú atẹ́gùn wá sínú ajílẹ̀. Ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe é lọ́pọ̀ yanturu bẹ̀rẹ̀ ní Oppau ní Jámánì ní ọdún 1913.

Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára àpò. NPK 15-15-15 túmọ̀ sí pé nínú kílò 100, kílò 15 jẹ́ náítírójìn. Yúríà ní kílò 46 nínú kílò 100. Nítorí náà, yúríà le ju NPK náà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó bá fi agolo tó fi ń wọn NPK wọn yúríà ti sọ ọ̀kan di mẹ́ta láìmọ̀.

Bí náítírójìn bá kéré, ewé ìsàlẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n, igi á sì rán. Bí ó bá pọ̀ jù, igi á máa ṣe ewé nìkan, òdòdó á dín kù, èso á pẹ́ kó tó pọ́n, àwọn kòkòrò tó ń mu omi ewé á sì ya bò ó. Ìdí dúdú tí mo rí lára tòmátì mi kì í ṣe àrùn tó ń ràn. Èròjà kálísíọ̀mù ni kò dé inú èso. Ajílẹ̀ àpọ̀jù àti omi tí à ń bu lónìí tí a kò bu lọ́la ló sábà máa ń fà á.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ká sọ pé ilẹ̀ tí gígùn àti ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan nílò gíráàmù 6 náítírójìn. Gíráàmù 40 NPK 15-15-15 ló máa fún un, tàbí gíráàmù 13 yúríà. Ìdérí ìgò mínírà kan ń gba NPK tó tó gíráàmù 6. Nítorí náà, ìdérí kan fún igi kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti lọ́ ọ, àti ìdérí kan sí i nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí yọ òdòdó, ti tó. Fún gbogbo ebè mi, èyí kò ju nǹkan bí agolo mílíìkì kékeré kan lọ. Èmi da agolo mẹ́fà ó lé. Níbo ni èyí tó kù wọlẹ̀ sí?

ÌDÍ TÍ A FI Ń BO ILẸ̀

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ọ̀rá. Ìlú Ìbàdàn kì í ṣe àlejò sí ẹ̀kọ́ yìí. Ibí ni Moor Plantation wà. Ibí ni IITA wà láti ọdún 1967, àti NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ẹ̀fọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìdí-Ìṣin ní ọdún 1975. Ní IITA níbí ni ọ̀jọ̀gbọ́n Rattan Lal, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, ti ṣe ìwádìí ní àwọn ọdún 1970 lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ wa nígbà tí a bá fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ó gba ẹ̀bùn World Food Prize ní ọdún 2020. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn yé àgbẹ̀: oòrùn ọ̀sán lè mú kí ojú ilẹ̀ tí a kò bò gbóná kọjá 40°C, òjò ńlá sì ń gbá ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ. Bí a bá tẹ́ koríko gbígbẹ sórí rẹ̀, ilẹ̀ á tutù, omi á wọlẹ̀ dípò kó ṣàn lọ, ìṣàn ilẹ̀ á sì dín kù púpọ̀.

Ọ̀rá ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí lọ́nà tirẹ̀. Ó ń dá ọ̀rinrin dúró. Ọ̀rá dúdú kì í jẹ́ kí èpò rí ìmọ́lẹ̀ tí yóò fi hù. Nígbà òjò, kì í jẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí ewé ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àrùn ewé tòmátì ń ti ara ẹrẹ̀ yìí gun igi. Èso kì í sì í sùn sórí ilẹ̀, nítorí náà kì í tètè rà, ó sì máa ń mọ́.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ní ilẹ̀ òtútù, wọ́n fẹ́ràn ọ̀rá dúdú nítorí pé ó ń mú ilẹ̀ móoru. Àwa kò wá ooru kún ooru. Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin, ọ̀rá dúdú lè se gbòǹgbò tòmátì kékeré bí ewé inú omi gbígbóná. Èyí tí òkè rẹ̀ funfun tàbí tó ń dán bíi fàdákà, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì dúdú, ló dára jù fún wa: ó ń dá oòrùn padà, dídán rẹ̀ sì ń lé àwọn kòkòrò funfun kéékèèké tó ń gbé àrùn wá. Ẹ má sì gbàgbé pé òjò kò lè gba inú ọ̀rá kọjá. Ojú ihò tí igi gbà jáde ni a ó ti máa bomi rin ín, tàbí kí a na ọ̀pá omi tó ń kán tó-tó-tó sí abẹ́ rẹ̀.

Fún ebè kan tàbí méjì ní ẹ̀yìnkùlé, koríko gbígbẹ tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ ti tó. Ẹ tẹ́ ẹ kí ó nípọn tó ìka mẹ́rin, kí ó má fara kan ẹsẹ̀ igi, kí ó má sì ní irúgbìn èpò nínú. Ẹ máa ṣọ́ ikán. Ẹ má ṣe rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ nígbà tí kò tíì jẹrà, nítorí àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tó ń jẹ ẹ́ á máa bá tòmátì du náítírójìn, ewé á sì pọ́n.

NÍGBÀ TÍ ỌRÁ ÀTI AJÍLẸ̀ BÁ PÀDÉ

Nínú ilẹ̀, náítírójìn ajílẹ̀ máa ń di ohun tí wọ́n ń pè ní náítíréètì. Irú èyí ni irúgbìn ń mu jù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò lè dì í mú. Bí iyọ̀ ni: omi ń yọ́ ọ, ibi tí omi bá sì gbà ni ó ń gbà. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lẹ́yìn tí a da ajílẹ̀, ohun tí gbòǹgbò kò tíì mu á bá omi wọlẹ̀ lọ.

Ọ̀rá dà bí agboòrùn lórí ebè. Òjò ń ṣàn kúrò lórí rẹ̀, ajílẹ̀ sì dúró lẹ́bàá gbòǹgbò. Ìdí nìyí tí ajílẹ̀ díẹ̀ fi ń tó lábẹ́ ọ̀rá. Ẹni tó bá tẹ́ ọ̀rá, tó tún ń da iye ajílẹ̀ tó ń dà nígbà tí kò sí ọ̀rá, ó ń náwó dànù, ó sì ń kó ewé jọ dípò èso. Nígbà tó bá ká ọ̀rá kúrò lẹ́yìn ìkórè, òjò àkọ́kọ́ á fọ gbogbo àṣẹ́kù náà wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, bí a bá ti ká a, kí a tètè gbin ẹ̀fọ́ tàbí àgbàdo síbẹ̀ kí ó mu àṣẹ́kù náà.

KÀNGA ÀTI ỌMỌ ÌKÓKÓ

Ibi tí ajílẹ̀ mi wọlẹ̀ sí rèé. Kànga wa ní àdúgbò yìí kò jìn lọ títí, omi abẹ́ ilẹ̀ tó sún mọ́ òkè ni a ń fà. Ohun tí a dà sí ojú ilẹ̀ kò jìnnà sí i.

Ní ọdún 1945, dókítà kan ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, Hunter Comly, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ìkókó tí ara wọn ń di búlúù. Omi kànga oko, tí náítíréètì pọ̀ nínú rẹ̀, ni wọ́n fi ń po oúnjẹ wọn. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí: nínú ikùn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, náítíréètì máa ń tètè yí padà di ohun mìíràn tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ó ń ba èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé atẹ́gùn káàkiri ara jẹ́. Ọmọ ń mí, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò dé ara. Àgbàlagbà lè mu omi kan náà kí nǹkan kan má ṣe é. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ààlà sí i: náítíréètì kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi tọ̀nà. Sísè ń pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n kò lè yọ náítíréètì. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná tó, bẹ́ẹ̀ ni náítíréètì ń ki sí i nínú èyí tó kù. Álọ́ọ̀mù kò yọ ọ́. Omi náà kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Àyẹ̀wò ní ilé àyẹ̀wò omi nìkan ló lè fi í hàn.

Kí a má sì parọ́ mọ́ ajílẹ̀ nìkan. Ṣáláńgá, ihò omi ìdọ̀tí ilé, àti òkìtì imí adìyẹ tó wà nítòsí kànga ń fi náítíréètì sínú omi pẹ̀lú, wọ́n tún ń fi kòkòrò àrùn kún un. Imí adìyẹ tútù kò sàn ju NPK lọ bí a bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn ń sọ, pé tòmátì tí a fi ajílẹ̀ òyìnbó gbìn ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Èso tòmátì kì í fi bẹ́ẹ̀ kó náítíréètì sára, ẹ̀fọ́ eléwé ló ń kó o jù ú lọ. Omi ni kí a máa ṣọ́ jù.

Ààbò tó dára jù fún ọmọ ni omi ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, láìfi omi kún un. Bí ìdí bá wà tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ mu mílíìkì inú agolo, kí a fi omi tí a mọ orísun rẹ̀ pò ó, kì í ṣe ti kànga tó wà lẹ́bàá ebè tàbí ṣáláńgá. Àwọ̀ ọmọ wa dúdú, nítorí náà ètè, èrìgì àti èékánná ni kí a máa wò. Bí wọ́n bá di búlúù tàbí tí wọ́n dà bí eérú, ẹ má ṣe dúró wo àgbo. Ilé ìwòsàn ni, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọ̀RÁ LẸ́YÌN ÌKÓRÈ

Ọ̀rá kì í jẹrà. Ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń lò ó jù lọ láyé, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ya wẹ́wẹ́ sínú oko di ìṣòro ńlá, títí tí ìjọba wọn fi ṣòfin pé kò gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ ju ìwọ̀n kan lọ. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ ra èyí tó nípọn, ẹ ká a tán lẹ́yìn ìkórè, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sì lò ó lẹ́ẹ̀kan sí i bí kò bá tíì ya.

Ẹ má ṣe sun ún. Èéfín rẹ̀ májèlé ni, pàápàá fún ọmọdé, àwọn arúgbó, àti ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀fúùfù. Ẹ má sì jù ú sí gọ́tà. Ìlú yìí mọ ohun tí òmíyalé ń ṣe. A rí ti Ògùnpa ní 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, a sì tún rí ti 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún bá lọ. Gọ́tà tí ọ̀rá dí máa ń mú kí irú omi bẹ́ẹ̀ tètè wọlé. Ẹni tó ju ọ̀rá sí gọ́tà lónìí lè má mọ ilé ẹni tí omi yóò wọ̀ lọ́la.

OHUN TÍ A Ó ṢE NÍLÉ

1. Kí ebè jìnnà sí kànga bí ààyè bá ṣe gbà, kí ó sì wà ní ìsàlẹ̀ kànga, kì í ṣe òkè rẹ̀. Bí ilẹ̀ kò bá tó, inú àpò tàbí ike ni kí a gbìn ín sí.

2. Kí a fi ìdérí ìgò wọn ajílẹ̀, kì í ṣe agolo. Kí a pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì. Kí a má dà á nígbà tí òjò ńlá ti ṣú.

3. Kí imí adìyẹ kọ́kọ́ jẹrà dáadáa, kí ooru rẹ̀ kúrò, kí a tó lò ó. Ní Amẹ́ríkà, òfin oko tí kò lo kẹ́míkà ní kí ọjọ́ 120 wà láàárín ìgbẹ́ tútù àti ìkórè èso tó ń fara kan ilẹ̀.

4. Koríko gbígbẹ ni kí a kọ́kọ́ gbìyànjú. Àpò tí wọ́n fi kó kẹ́míkà kì í ṣe ohun tí a ń fi bo ilẹ̀ oúnjẹ.

5. Kí kànga ní ọrùn tó ga àti ìdérí, kí a sì mú omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, pàápàá bí aboyún tàbí ọmọ ìkókó bá wà nílé.

6. Kí a fi omi tó mọ́ fọ tòmátì kí a tó lọ̀ ọ́ tàbí gé e, kí a fọ ọwọ́ wa lẹ́yìn tí a bá fọwọ́ kan ajílẹ̀, kí a sì fi ajílẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ

Ìṣísẹ̀ mélòó ló wà láàárín kànga wa àti ṣáláńgá, tiwa àti ti aládùúgbò? Bí a bá ní kílò 1 yúríà, kílò mélòó NPK 15-15-15 ni agbára wọn dọ́gba? Kí ló dé tí omi tí a sè fi lè ṣe ọmọ ìkókó ní ìpalára síbẹ̀?

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo gbé ebè mi lọ sí ìsàlẹ̀ ilé, mo tẹ́ koríko, mo sì fi ìdérí ìgò wọn ajílẹ̀. Ewé rẹ̀ kò ga dé èjìká mi mọ́. Ṣùgbọ́n a ká èso tó kún abọ́ ńlá, a fún ilé méjì tó súnmọ́ wa nínú rẹ̀, ọmọ-ọmọ mi sì ti ń sáré kiri ẹ̀yìnkùlé náà báyìí. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó dá àwọn ọmọ wa sí, kí Ó má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ba omi ara wa jẹ́. Àmín.